Orúkọ Tó Wà Nínú Bàtà

"Ìwọ lo sọ ọ́ nù. Kì í ṣe ẹlòmíì. Ìwọ yìí náà ni."

Àǹtí Adájọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ lé ìbàdí, bí ẹni pé òun ló jogún ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ni. Àdúgbò ló sọ ọ́ ní Adájọ́, nítorí kò sí ẹjọ́ tí kì í dá, pàápàá èyí tí ẹnikẹ́ni kò pè é sí. Ìyàwó tó ń bá wí jókòó sórí àpótí, ó ń rán awọ kan tí kò sí oníbàárà tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn ń rán an kí ọwọ́ má baà dilẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti sọ fún yín pé lẹ́tà kankan ò wọlé sórí fóònù mi lọ́dún yìí."

"Kò wọlé kẹ̀? Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń wọlé. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ló wá ṣìnà? Àbúrò mi ni mo káàánú. Ó rò pé òun fẹ́ ìyàwó, kò mọ̀ pé agbọ̀n ajádìí lòun gbé wọlé."

Ìyàwó tún gún abẹ́rẹ́ mọ́ awọ náà. Ọkọ rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Ó ń gé rọ́bà lẹ́bàá fèrèsé, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ nìkan ni kì í ṣàṣìṣe. A máa rà á padà."

Ẹ tẹ́tí sí ohùn jẹ́jẹ́ yẹn dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, bí mo bá rántí ohùn náà, ara mi a máa bù máṣọ. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí wà ní ìdí ẹ̀fọ́, ó tún ń bá wọn bomi rin ín.

Ohun tó sọ nù náà kò ṣe é fọwọ́ mú. Àdírẹ́sì ìkànnì ni, orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ sórí fóònù kó tó lè rí ṣọ́ọ̀bù wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó rẹ̀, bí ẹni ń san owó ìsọ̀, lẹ́tà kan sì máa ń wọlé sórí fóònù ìyàwó láti rán an létí. Ọjọ́ tí ọdún bá pé tí èèyàn ò san, ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ gán an ló ni í. Tiwọn pé ọdún ní ọjọ́ Ajé kan. Kí ọjọ́ náà tó parí, ẹnì kan tí kò fẹ́ ká mọ òun ti gbé e, ó sì ti fi lé àwọn alárinà lọ́wọ́ pé kí wọ́n bá òun tà á.

Bí ẹ bá ní kí ló dé tí wọn ò ra òmíràn, ẹ ò tíì mọ irú bàtà tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Bàbá ìyàwó ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Bàbá Dọ́gba ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan kúrú ju èkejì ló ń ṣe bàtà fún. Á wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé ìsàlẹ̀ bàtà ẹsẹ̀ kúkúrú sókè, ẹni tó tiro wọlé á sì nàró jáde. Láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, gbogbo bàtà tó bá kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ń tẹ àdírẹ́sì yẹn sí nínú, níbi tí gìgísẹ̀ ń gbé. Irú bàtà bẹ́ẹ̀ kì í lò ju ọdún méjì lọ. Bó bá ti gbó, ẹni tó ni í á bọ́ ọ, á wo inú rẹ̀, á tẹ ohun tó rí níbẹ̀ sórí fóònù, iṣẹ́ á sì wọlé. Iṣẹ́ ń wá láti ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé rí. Ta ló fẹ́ máa kó gbogbo bàtà ayé jọ kó lè tún wọn tẹ̀?

Bàbá náà tún ní àṣà kan tó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Iyekíye tó bá dá lé bàtà, á yọ ogún kúrò nínú rẹ̀, torí owó ìlú wọn lágbára, ogún tó wọkọ̀ délé. "Ẹni tó tiro wá bá mi ti san ogún lójú ọ̀nà," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ẹ jẹ́ kó fi wọkọ̀ padà sílé." Owó ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dín ogún. Ẹgbẹ̀rún kan dín ogún. Iye tí kò ní "dín ogún" nídìí kò jáde láti ṣọ́ọ̀bù yẹn rí, ó sì ti mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu débi pé etí wọn kò gbọ́ ọ mọ́.

Ọkọ mọ owó ẹsẹ̀ dáadáa, torí òun náà jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ tiro wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló kúrú. Bàbá ṣe bàtà fún un, ó yọ owó ẹsẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ láti fi san ìyókù. "Wá kọ́ṣẹ́, wàá fi san án," ni bàbá wí. Ó kọ́ṣẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Gìgísẹ̀ nítorí gìgísẹ̀ bàtà òsì rẹ̀ tó ga bíi búlọ́ọ̀kù. Nígbà tó yá, bàbá fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó mọ oore ni, àárọ̀ àárọ̀ ni ì bá máa dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ni bàbá kọ ṣọ́ọ̀bù náà fún, kò kọ ọ́ fún àna, ọjọ́ tí Gìgísẹ̀ sì gbọ́ ni inú rẹ̀ ti yí padà.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí àwọn alárinà fi ránṣẹ́ dùn ún kà. "Oníbàárà wa àtàtà, inú wa dùn láti bá yín da nǹkan pọ̀. Ẹni tó ni àdírẹ́sì yìí kò fẹ́ ká dárúkọ òun. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dín ogún ló fẹ́ gbà. Ẹ ní ọjọ́ mẹ́ta." Kí ẹnikẹ́ni tó bá wọn dúnàádúrà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó kan tí kì í padà sọ́wọ́ ẹni mọ́. Ìyàwó san án. Ó kọ̀wé pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù bàbá òun ni, pé bàbá ti darúgbó, pé òun lè san ẹgbẹ̀rún kan. Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fún un kọjá, ọjọ́ mọ́kànlá kọjá, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ó pè wọ́n. Fèrè ló kọ́kọ́ gbọ́, orin kan náà tó ń yí po, kí ọmọkùnrin kan tó gbé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi dé."

"Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ìwé yín?"

Ó kà á fún un.

"Ẹ ṣeun, màmá. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Orúkọ bàbá mi."

"A kì í ta orúkọ èèyàn níbí, màmá. Àdírẹ́sì là ń tà."

"Àdírẹ́sì náà ni mò ń wí. Ọ̀gbẹ́ni tó gba owó àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi ló bá mi sọ ọ́ lọ́jọ́sí, ó ní kí n máa retí."

"Èwo nínú wọn?"

"Kò sọ orúkọ fún mi."

"Háà, a pọ̀ níbí. Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́."

Fèrè tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó gbé fóònù sí èjìká, ó fi etí tì í, ó rán ẹ̀gbẹ́ bàtà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí fèrè máa dákẹ́, wọ́n ti gé ìpè náà. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíì ló gbé e, ó sì tún béèrè ohun tó fẹ́ rà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a ṣeré fún oṣù méjì gbáko. Bó bá dákẹ́, wọ́n á fi lẹ́tà lé e pé àkókò ń lọ. Bó bá sì dáhùn kíá, wọ́n á dákẹ́ bí òkú.

Ó ta ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń rán awọ. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló sọ fún, nínú yàrá, ìlẹ̀kùn sì wà ní títì. Kò tíì pé ọjọ́ kan tí lẹ́tà dé: ẹlòmíì ti yọjú, iye ti di ẹgbẹ̀rún márùn-ún dín ogún.

"Ọkọ mi, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀?" Ó bi í léèrè bó ṣe ń tò rọ́bà jọ. "Nígbà tí n kò ní, wọ́n pe mẹ́ta. Àná ni mo ta ẹ̀rọ tí mẹ́ta pé lọ́wọ́ mi, ó sì di márùn-ún láàárọ̀ yìí. Ó ṣe jẹ́ pé ìgbà tí ọwọ́ mi bá fẹ́ kàn án ni wọ́n máa ń gbé e sókè?"

"Ọjà nìyẹn. Fọkàn balẹ̀, jẹ́ kí ara tù ọ́. Èmi náà wà níbí, àbí n kò sí?"

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò rí ayé bí? Eku ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ológbò pé ó bá òun ṣọ́ ẹnu ihò.

Bàbá Dọ́gba ní tirẹ̀ kò ríran mọ́. Orí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, igi ẹsẹ̀ kan lórí itan rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń gbẹ́ bí ẹsẹ̀ oníbàárà kí wọ́n tó mọ bàtà lé e. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á béèrè ìbéèrè tó ti ń béèrè láti ogójì ọdún: "Òsì ni tàbí ọ̀tún?" Látijọ́, ẹni tó bá wọlé á dáhùn, wọ́n á sì fà á lọ sórí àga. Ní báyìí, "Èmi ni, bàbá," ni ìdáhùn tó ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó béèrè ibi tí àwọn èèyàn òun wọlé sí. Ọmọ rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi bò ó, ṣùgbọ́n Àǹtí Adájọ́ kò jẹ́ kó wá a rí.

"Ọmọ yín ló gbàgbé láti san owó àdírẹ́sì, bàbá. Ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì."

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀kùn bá dún, bàbá kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló nawọ́, ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kàn. "Gbogbo ẹsẹ̀ tí mo tọ́jú wọ̀nyẹn," ó ní, "wọn ò ní mọ ọ̀nà wá mọ́. Kí ló ṣe ọ́, ọmọ mi?" Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kú lórí àga, igi ẹsẹ̀ yẹn lórí itan rẹ̀. Gìgísẹ̀ sunkún débi pé wọ́n dì í mú. Ẹkún ọ̀nì! N kò ní pa irọ́ fún yín, ó wà lára ohun tí mo rí tí n kò lè gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá, lẹ́tà míì tún dé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ dín ogún, ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ẹ̀dínwó. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Gìgísẹ̀ gbé ìwé kan síwájú ìyàwó rẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé awọ.

"Kọ ṣọ́ọ̀bù sí orúkọ mi. Èmi á gbé ìwé rẹ̀ lọ sí báńkì, wọ́n á yá wa lówó, a ó sì ra àdírẹ́sì bàbá padà lónìí. Ìwọ tí àṣìṣe ti wà lórí orúkọ rẹ, báńkì ò ní dá ọ lóhùn. Ṣé o fẹ́ kí orúkọ bàbá bàjẹ́ pátápátá ni?"

Ó mú bírò. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú lé lórí báyìí, tó ń gbọ́ ẹ̀bi ní àárọ̀, tó ń gbọ́ ọ lálẹ́, bí wọ́n bá ní kó fi orí rúbọ, á béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kó gbé e sí. Ó ti fẹ́ fọwọ́ sí i nígbà tí Àǹtí Adájọ́ wọlé, gbogbo lẹ́tà alárinà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá láti fi wọ́n dójú ti ìyàwó lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọ̀rọ̀ tó parí.

"Kó tó fọwọ́ sí i, jẹ́ kó gbọ́ iye tí ìwà àìbìkítà rẹ̀ ná wa." Ó wọ gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dín ogún. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún dín ogún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ dín ogún. Irú ọlọ́jà wo tilẹ̀ nìyí? Ó ń fa èèyàn lọ́fun ya, ó tún ń yọ ogún sílẹ̀ bí aláàánú. Ogún yẹn, kí ló fẹ́ ká fi í ṣe?"

Bírò dúró lórí ìwé. Àǹtí Adájọ́ kò kọ́ṣẹ́ bàtà, kò sì jókòó dúnàádúrà nínú ṣọ́ọ̀bù rí, ìdí nìyẹn tí ohun tó ti di afẹ́fẹ́ létí àwọn yòókù fi dún létí tirẹ̀. Ìyàwó gba àwọn lẹ́tà náà. Ó wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò kà wọ́n rí.

"Owó ẹsẹ̀ ni," ó ní. "Kéèyàn fi wọkọ̀ padà sílé." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ta ló tún ń yọ owó ẹsẹ̀ láyé yìí? Bàbá mi ti kú. Ó ku èmi. Ó ku ẹ̀yin."

"Kí ni ìwọ ń rò lọ́kàn?"

"Ìbéèrè ni mo bi yín."

"Ìbànújẹ́ ti fẹ́ yí ọ lórí. Bí mo bá mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, kí bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí má gbé mi délé."

"O gbọ́ ìbúra, àbí o ò gbọ́?" Àǹtí Adájọ́ fi lẹ́tà gbá tábìlì. "Àbúrò mi tó ń bá ọ ru ẹrù, ìwọ ń pè é ní olè? Aláìmoore ni ẹ́."

Ìyàwó kò bá a jà. Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe àwọn alárinà. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé e kíá. "Mo gbà," ó ní. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ dín ogún. Ẹ pe ẹni tó ni í nísinsìnyí, kí ẹ sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ ni mo máa san lónìí."

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́, màmá."

Fèrè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orin náà kò tíì yí po lẹ́ẹ̀kan tí fóònù Gìgísẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n láàárín àjákù rọ́bà lórí tábìlì. Ó nawọ́ sí i, ṣùgbọ́n Àǹtí Adájọ́ ló sún mọ́ ọn jù.

"Jẹ́ kí n gbé e," ó ní. "Kí ìyàwó rẹ gbọ́ pé oníbàárà lásán ni, kí ojú tì í." Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba.

"Oníbàárà wa àtàtà," ni ohùn náà wí, ohùn ẹni tó ní kí ìyàwó dúró náà ni. "Ẹ kú oríire. Àdírẹ́sì yín ti tà. Ilé-iṣẹ́ onítẹ́tẹ́ kan ló san gbogbo iye tí ẹ pè ní wákàtí kan sẹ́yìn. Màmá oníbàtà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ pè pé òun gbà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù."

"Ta ní kí ẹ tà á fún onítẹ́tẹ́?" Gìgísẹ̀ já fóònù gbà, ó ti gbàgbé ẹni tó dúró tì í. "Mo ní kí ẹ fi halẹ̀ mọ́ ìyàwó mi nìkan ni. N kò ní kí ẹ tà á ní tòótọ́."

"Ó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, ọ̀gá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ san iye náà ló ni í. A ó yọ owó alárinà, owó ìpamọ́ àti owó ìpolówó. Ìyókù á dé ọ̀dọ̀ yín láàárín oṣù mẹ́ta."

"Ẹ fún mi ní ọ̀gá yín kí n bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́."

Fèrè bẹ̀rẹ̀ nínú fóònù tirẹ̀ náà. Méjèèjì ń kọ orin kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan ń lé èkejì, kò sì sí ẹni tó pa wọ́n. Àwọn àgbà wí i pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó bá a lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tọkàn mi, ó pẹ́ lọ́nà.

"Fóònù tí o rà fún mi lọ́dún tó kọjá," ni ìyàwó wí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ń pe ọkùnrin yìí ní ẹ̀yin, kò sì tún pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. "Ìwọ lo tò ó fún mi. O ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ibẹ̀ lo ti darí àwọn lẹ́tà tó ń rán mi létí owó àdírẹ́sì sọ́dọ̀ ara rẹ."

Gìgísẹ̀ jókòó. "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kúnlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Kí ni bàbá rẹ kọ sí orúkọ mi? Àpótí tí mo fi ń jókòó pàápàá, tìẹ ni. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sú ọ ni, kí o fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, n ó sì dá orúkọ padà. N kò fẹ́ pa á run."

"Bàbá mi bi mí pé kí ló ṣe mí. O wà níbẹ̀. Ìwọ ń gé rọ́bà."

Gìgísẹ̀ gbójú sókè sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré bí ilé bá gbóná mọ́ ọn.

"Má wò mí," ni Àǹtí Adájọ́ wí. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Bàbá arúgbó tó fún ọ ní ẹsẹ̀, èmi ni mo fi ẹnu mi gún un lọ́kàn nítorí rẹ. Dìde, kó ẹrù rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ẹjọ́ gbogbo ayé ni mò ń dá nínú ilé yìí. Ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ̀bi, òun ni mò ń gbèjà. Dìde níbẹ̀."

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, àdúgbò sì ń wò ó.

Ṣé ẹ rò pé inú ìyàwó dùn? Wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́, àwọn aládùúgbò wá bẹ̀ ẹ́, Àǹtí Adájọ́ kúnlẹ̀ fún un tòun tọjọ́ orí rẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹni tí ì bá fi gbogbo ara fẹ́ gbọ́ ọ ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó kọ̀wé sí àwọn onítẹ́tẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ta àdírẹ́sì náà fún òun. Àwọn alárinà yẹn kan náà ló fèsì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ni wọ́n pè, ogún kan kò sì dín nínú rẹ̀. Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá gbó lókèèrè ní báyìí, tó bọ́ ọ, tó tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù àti káàdì ló ń rí, wọ́n á sì ní kó wá ta tẹ́tẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn á ti rò pé Bàbá Dọ́gba ló di onítẹ́tẹ́ lọ́jọ́ ogbó. Oníbàárà kan ṣoṣo lóṣù, méjì bó bá pọ̀, ló ń fẹsẹ̀ wá a kàn. Àǹtí Adájọ́ ń bá a gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í sọ̀rọ̀.

Gìgísẹ̀ gba yàrá kan lópin ìlú, ó kọ bọ́ọ̀dù sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yà síbẹ̀. Owó tí àwọn alárinà ṣèlérí dé lẹ́yìn oṣù márùn-ún, wọ́n yọ èyí, wọ́n yọ tọ̀hún, kò tó san owó ilé. Fún gbogbo àkókò yẹn, bàtà òsì ń gbó lọ. Kò sì sí aránbàtà tó lè wọn ẹsẹ̀ ara rẹ̀, torí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó, ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀, ìwọ̀n ti ṣìnà nìyẹn. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹ́rin nínú àwọn tó ń ṣe bàtà. Wọ́n bá a lẹ rọ́bà mọ́ ọn, ó ń já.

Ní oṣù kẹwàá tí Gìgísẹ̀ ti kó lọ, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyàwó ń gbẹ́ igi lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Òsì ni tàbí ọ̀tún?"

"Òsì ni."

Ó mọ ohùn náà. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọkùnrin náà di férémù ilẹ̀kùn mú, gìgísẹ̀ gíga yẹn ti là sí méjì, wọ́n fi okùn dì í. Kò sọ pé kó dárí ji òun. Bóyá ó mọ̀ pé kò sí ẹnu tí òun máa fi sọ ọ́. Àǹtí Adájọ́ tó ń gbálẹ̀ gbé ìgbálẹ̀, ó bá ẹ̀yìn ilé lọ.

Ìyàwó fà á lọ sórí àga. Ó kúnlẹ̀, ó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń kọ ti gbogbo èèyàn. "Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ó ní.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàtà náà wà lórí tábìlì, ó dára bí èyíkéyìí tí bàbá rẹ̀ ṣe rí. Gìgísẹ̀ wọ̀ ọ́, ó dìde, ó nàró fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo inú rẹ̀ níbi tí gìgísẹ̀ ń gbé. Wọn kò tẹ nǹkan kan síbẹ̀.

"Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún kan."

Ó dúró, ó ń retí kí ọ̀rọ̀ náà parí. Ìyàwó ti mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ti padà sídìí igi.

"O ò yọ owó ẹsẹ̀," ni ọkùnrin náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹni tó ń lọ sílé là ń yọ ọ́ fún," ni ìyàwó wí. "Ìwọ, ilé wo lò ń lọ?"